Ta Ló Gbin Igi Orí Ilẹ̀ Mi?

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló kọ́kọ́ rẹ́ mi jẹ láyé yìí, ọmọ ìyá mi, tí a jọ mu ọmú kan náà. Àwọn mìíràn ti ṣe tiwọn lẹ́yìn náà: ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kan tó fi iṣẹ́ mi gba ìyìn, àti ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, tó máa ń bu omi sí ọbẹ̀ tó bá ti rí mi lókèèrè. Ìyàwó yẹn ti kú, mo fi tirẹ̀ sílẹ̀. Ti ẹ̀gbọ́n mi ni n kò fi sílẹ̀.

Ilẹ̀ kan ló dá ọ̀rọ̀ wa sílẹ̀, ní ọ̀nà abúlé Massè. Kò tóbi. Tí ènìyàn bá dúró ní ìpẹ̀kun kan tó pe ẹni tó wà ní ìkejì, onítọ̀hún á gbọ́ láìjẹ́ pé ó pariwo. Bàbá wa fún mi ní ilẹ̀ náà lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́. Òjò ti rọ̀ ní ìdájí ọjọ́ náà, ilẹ̀ pupa lẹ̀ mọ́ bàtà tuntun tí mo wọ̀, inú tó bí mi nítorí bàtà yẹn sì ju ayọ̀ tí mo yọ̀ nítorí ilẹ̀ lọ. Mo ṣì kéré. Bàbá gbin pérégún sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nítorí pérégún kì í tètè kú, òun la fi ń pààlà. Ẹ̀gbọ́n mi ló gbé ọkọ́ tẹ̀lé e.

“Èyí tìrẹ ni,” ni Bàbá wí fún mi. “Ọkọ lè kọ obìnrin, ìjọba lè lé òṣìṣẹ́. Ilẹ̀ ò lé ẹnikẹ́ni.”

Ó wá yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi. “Ìwọ ni kó o máa bá a ro ó tí kò bá sí nílé. Gbin àgbàdo, gbin ẹ̀gẹ́. O ò gbọdọ̀ gbin igi.”

“Bàbá, ṣé ọmọdé ni mí ni?” ni ẹ̀gbọ́n mi dáhùn.

Kò sí ẹni tó dàgbà lágbègbè wa tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ń ro ilẹ̀ onílẹ̀ á gbin ohun tó máa kórè lọ́dún kan tàbí méjì, á sì palẹ̀ mọ́. Kì í gbin igi. Igi máa ń pẹ́ láyé ju ẹnu tó sọ̀rọ̀ lọ, tí àwọn àgbà bá sì ti kú tán, ìdí igi la máa ń lọ dúró sí láti mọ ẹni tó ni ilẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ láti kékeré, bí a ṣe ń gbọ́ pé kí a má fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Mo gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n n kò kà á sí. Ilé ẹ̀kọ́ ti kọ́ mi ní nǹkan mìíràn.

Wọ́n gbé mi lọ ṣiṣẹ́ ní àríwá, ọ̀nà jíjìn. Lọ́dọọdún, ẹ̀gbọ́n mi á fi àpò àgbàdo kan ránṣẹ́ sí mi nínú ọkọ̀, nígbà mìíràn gàrí. Èmi náà á kọ lẹ́tà ìdúpẹ́. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: àgbàdo tó hù lórí ilẹ̀ mi, èmi ni mò ń dúpẹ́. Ó sì máa ń ní kí wọ́n ka lẹ́tà náà sókè níwájú ilé, kí gbogbo ẹni tó ń kọjá lè gbọ́ bí mo ṣe ń kí i.

Nígbà ìsinmi ọdún kan, mo gun ọ̀kadà zémíjàn lọ sí oko náà láti lọ kí i. Mo bá a lórí ìkúnlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kún fún erùpẹ̀. Ẹ̀gẹ́ ti kúrò níbẹ̀. Àwọn ọmọ igi tẹ́ẹ̀kì, tí wọn kò ga tó orúnkún mi, tò ní ìlà kan láti ìdí pérégún kan dé ìdí èkejì.

Ó gbójú sókè, ó ń wò mí.

“Ẹ kú iṣẹ́, Ẹ̀gbọ́n,” ni mo wí.

“O rí i?”

“Mo rí i. Ó mà dára o! Igi dára fún ilẹ̀.”

“O ní ó dára?”

“Ó dára gan-an ni.”

Lọ́dọọdún ni a máa ń ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ nílé ẹ̀kọ́ wa láti gbin igi, èmi sì ni mo máa ń ṣáájú àwọn ọmọ. Mo ti kọ ọ́ sára pátákó láìmọye ìgbà pé igi ń mú òjò wá, pé igi ni kì í jẹ́ kí àgbàrá wọ́ ilẹ̀ lọ. Ohun tó wà lórí mi lọ́jọ́ yẹn nìyẹn. Ọ̀rọ̀ Bàbá kò wá sí mi lọ́kàn rárá. Kí ẹ lè mọ bí mo ṣe gọ̀ tó, lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọmọ igi ṣẹ́kù nílé ẹ̀kọ́ wa, mo tò wọ́n sínú apẹ̀rẹ̀, mo gbé e lé itan nínú ọkọ̀ láti àríwá títí dé Adja-Ouèrè, ìlú wa, mo sì ń wọ́n omi sí wọn lójú ọ̀nà bí ẹni gbé ọmọ aláìsàn. Ẹ̀gbọ́n mi ni mo kó wọn fún.

Bàbá adẹ́mu kan wà tí àwọn ọ̀pẹ rẹ̀ bá ilẹ̀ wa pààlà. Ó rí mi pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ náà.

“Madáàmù, ìwọ lò ń ru igi wá fún un?”

“Èmi ni, Bàbá.”

“Ìwé mà ti pọ̀ jù lórí rẹ o.” Ó rẹ́rìn-ín. “Igi ò gbọ́ Faransé. Ẹni tó fi erùpẹ̀ bò ó nídìí nìkan ló mọ̀.”

Mo bá a rẹ́rìn-ín. Mo ní ẹmu ló ń sọ̀rọ̀.

Nígbà tí mo gba rẹtirẹ́ẹ̀tì, tí mo fẹ̀yìn tì, ọkọ mi ti kú, n kò sì fẹ́ máa sùn ní pálọ̀ ẹnikẹ́ni. Yàrá méjì péré ni mo fẹ́ kọ́. Mo lọ sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi.

“Ibo lo fẹ́ kọ́ ọ sí?” ni ó bi mí.

“Orí ilẹ̀ mi, ọ̀nà Massè.”

“Igi wà níbẹ̀.”

“Ẹ jẹ́ ká gé díẹ̀ kúrò.”

“Igi ta ni?”

Mo rò pé eré ló ń ṣe. N kò mọ̀ pé kì í ṣe eré, àfi nígbà tí àwọn tó ń wọn ilẹ̀ fún ìjọba dé, tí wọ́n fẹ́ kọ ilẹ̀ oníkálukú sínú ìwé. Òṣìṣẹ́ kan gbé ẹ̀rọ kékeré kan lọ́wọ́, ó ń rìn yí ààlà ká, àwa àti àwọn àgbà abúlé ń tẹ̀ lé e. Tẹ́ẹ̀kì ti ga ju ilé lọ, ewé wọn tó gbẹ ń ró lábẹ́ ẹsẹ̀ wa bí ẹni ń tẹ páànù. Mo bá òṣìṣẹ́ náà sọ Faransé. Faransé mi dára, ó dára ju tirẹ̀ lọ, mo tilẹ̀ bá a tún gbólóhùn kan ṣe. Mo sọ ti Bàbá fún un, ti pérégún, àti ohun tí Bàbá kà léèwọ̀. Àwọn àgbà kò gbọ́ ohun kan nínú rẹ̀. Nígbà tí mo sọ tán, ó yíjú sí wọn, ó fi Yorùbá bi wọ́n pé:

“Ta ló gbin igi yìí?”

Gbogbo wọn wo bàbá adẹ́mu.

“Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni,” ni bàbá náà wí. “Ojú mi ló ṣe.”

Mo ké sí i pé, “Bàbá, ẹ sọ ti ọjọ́ tí bàbá wa fún mi nílẹ̀ náà! Ẹ wà lórí ọ̀pẹ yín, ẹ ń wò wá!”

“Mo wà níbẹ̀. Wọn ò tíì bi mí níyẹn. Ti igi ni wọ́n bi mí.”

Wọn kò sì bi í. Èmi ni òṣìṣẹ́ náà kọjú sí. “Madáàmù, nígbà tó ń gbìn ín, ṣé ẹ sọ fún un pé kó má gbìn ín?”

Gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ ọmọ, nítorí irọ́ ni mo ṣe ń nà wọ́n jù. N kò lè dúró níwájú àwọn àgbà kí n wá purọ́. “N kò sọ bẹ́ẹ̀.”

“Kí lẹ wá sọ?”

Ẹ̀gbọ́n mi gbà á lẹ́nu mi. “Ó kí mi kú iṣẹ́. Ó tún ru igi wá láti àríwá.”

Àwọn àgbà bú sẹ́rìn-ín. Òṣìṣẹ́ náà fi ìwé bo ẹnu. Orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ló kọ.

Mo gba yàrá kan láàárín ìlú, níbi tí mo jókòó sí tí mò ń kọ èyí, tí ewúrẹ́ onílé ń jẹ aṣọ mi lórí okùn. Àwọn pérégún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì wà níbi tí Bàbá gbìn wọ́n sí. Ẹ̀gbọ́n mi kò gé wọn. Ó dá mi lójú pé ó fi wọ́n sílẹ̀ kí n lè máa rí wọn ni.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni a kò fi kí ara wa. Lọ́dún yìí, àìsàn dá a gúnlẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ta igi náà fún oníṣòwò pákó. Mo kọjá níbẹ̀, mo rí àwọn ìtì igi nílẹ̀, mo rí ilẹ̀ mi ní gbangba fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí irun mi ṣì dúdú. Kò sí igi kankan tí wọ́n lè tún bi léèrè. Mo ronú pé tí ẹ̀gbọ́n mi bá lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ níwájú àwọn ọmọ rẹ̀, wọn ò ní lè fi ààyè yàrá méjì dù mí mọ́. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ pé ó ń pè mí, mo lọ.

Ó wà lórí àga níwájú ilé, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú. Àwọn ọmọ rẹ̀ yí i ká.

“Madáàmù, o dé.”

“Mo dé, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ pẹ̀lẹ́, ara á yá. Igi ti tán lórí ilẹ̀ yẹn. Àwọn ọmọ yín rèé, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n gbọ́: ta ni Bàbá fún?”

Ó wò mí bó ṣe wò mí lọ́jọ́ tó wà lórí ìkúnlẹ̀. Lẹ́yìn náà ó juwọ́ sí àwọn ọmọ. “Ẹ sáré lọ wo ewúrẹ́ yẹn, ó ti wọ inú ẹ̀gẹ́.”

Kò sí ewúrẹ́ kankan nínú ẹ̀gẹ́. Gbogbo wọn lọ. Ó dúró títí ẹni tó kẹ́yìn fi yà sẹ́yìn ilé ìdáná, ó wá rọra tẹ̀ sún mọ́ mi.

“Ìwọ ni Bàbá fún,” ni ó wí. “Ọjọ́ tí mo gbin ìlà àkọ́kọ́, mò ń retí kí o fà á tu. Ká ní o fa ẹyọ kan péré tu, ǹ bá kó ìyókù kúrò níbẹ̀. Ìwọ lo kí mi kú iṣẹ́.”