Asẹ́ Onírin Tí Ọnọrébù Ṣe fún Íńtánẹ́ẹ̀tì

Lọ́dún tí mo parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, tí mo padà sílé ìyá mi ní Ìjòkó, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ti sọ mí di ojo. Tí aládùúgbò bá béèrè àlàáfíà mi, ṣe ló máa ń dà bíi pé ó ń bi mí bóyá mo ti ríṣẹ́, màá sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ohun tí ẹnikẹ́ni ò béèrè. Kọ̀ǹpútà ni mo kọ́ ní yunifásítì. Ìyá mi, tó ń se oúnjẹ fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀kan nínú àwọn yunifásítì tuntun, ti sọ káàkiri pé kò sí ohun tó ní wáyà tí ọmọ òun ò lè tún ṣe. Nítorí náà, áyọ́ọ̀nù méjì àti fáànù kan ti wà nílé wa tó ń retí mi.

Bí òkìkí mi ṣe dé etí káńsẹ́lọ̀ wa nìyẹn. Ọnọrébù ni gbogbo èèyàn ń pè é. Kó tó di olóṣèlú, òun ni olórí àwọn ẹ̀ṣọ́ géètì ní iléeṣẹ́ irin kan ní Ṣàngó, níbi tí òṣìṣẹ́ kankan kì í ti í jáde nírọ̀lẹ́ láìjẹ́ pé wọ́n yẹ báàgì rẹ̀ wò. Iṣẹ́ yẹn ti wọ̀ ọ́ lára débi pé ó gbà pé gbogbo ohun tó wà láyé ló ní géètì, àfi kéèyàn wá ibi tó wà.

Nígbà yẹn, bí wọ́n ṣe ń fi òrùlé sórí ṣọ́ọ̀ṣì kan ni wọ́n ń fi ìpìlẹ̀ ilé akẹ́kọ̀ọ́ lélẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn òbí wá ń ráhùn pé àwọn ọmọ tó háyà yàrá ní àdúgbò Joju ń wo ìwòkuwò lórí fóònù. Ọnọrébù ní òun máa gbé òfin kan lọ sí káńsù: òfin asẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì. Èyí tó dára á kọjá, èyí tó burú á há. Ó ń wá ọ̀mọ̀wé tó máa dúró ti òun lọ́jọ́ tí òun bá fi han ìlú. Tí ìlú bá ti gbà á, èmi ni màá di olùdámọ̀ràn ní káńsù, pẹ̀lú owó oṣù àti tábìlì tèmi.

Tábìlì tèmi! Ẹ má bínú sí mi, àmọ́ tábìlì yẹn ló gbà mí lọ́kàn ju owó oṣù lọ. Mo ti mọ ibi tí màá gbé bírò sí lórí rẹ̀.

Ọnọrébù pè mí wá sí pálọ̀ rẹ̀.

"Ẹnjiníà," ló pè mí. Mi ò kì í ṣe ẹnjiníà, ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ mi. "Ibo ni íńtánẹ́ẹ̀tì máa ń gbà jáde?"

"Sà, àpótí kékeré kan ló máa ń fọ́n ọn sínú afẹ́fẹ́, fóònù á wá gbà á."

"Ẹ́n-ẹ̀n! Géètì ẹ̀ nìyẹn! Tó bá ti ń jáde, ká yẹ̀ ẹ́ wò."

"Sà, kò ṣeé yẹ̀ wò bíi báàgì. Ojú làwọn èèyàn fi ń wò ó. Ohun tí wọ́n bá ti rí, wọ́n ti gbé e lọ nìyẹn."

"A máa yẹ ojú náà wò."

Ẹ̀rín gùn mí lọ́rùn, mo fi ikọ́ bò ó mọ́lẹ̀. Mo wá fara balẹ̀ ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un látìbẹ̀rẹ̀. Mo ya àwòrán. Òógùn bò mí. Ó ń mi orí, ó ń mi orí, títí mo fi parí.

"O ṣeun, ọmọ mi," ó ní. "Gbogbo ẹ̀ ti yé mi. Mò ń lọ rí wẹ́dà."

Lọ́jọ́ ìpàdé, gbọ̀ngàn Joju kún fọ́fọ́. Kẹ̀kẹ́ Márúwá kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, Ọnọrébù àti wẹ́dà sì gbé àpótí irin kan sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ti dá ihò tín-tìn-tín sí i lára yíká bí asẹ́, wọ́n kùn ún ní àwọ̀ ewé, wọ́n sì fi àgádágodo sí i.

"Wọ́n ní kí n jẹ́ kí ihò ẹ̀ kéré," wẹ́dà sọ sí mi létí, "kí ìbàjẹ́ má baà ráyè kọjá."

Mi ò mọ̀ bóyá kí n sá lọ tàbí kí n jókòó. Mo jókòó.

Pásítọ̀ ló kọ́kọ́ gbàdúrà. Ó de ẹ̀mí àìmọ́ tó ń gbé inú dátà. Ààfáà ò jẹ́ kó gba iwájú: ó bẹ Ọlọ́run kó ṣọ́ wa lọ́wọ́ wáyà tí a rí àti wáyà tí a kò rí. Pásítọ̀ tún rántí àdúrà kan. Nígbà tí wọ́n máa fi ṣe tán, gbogbo èèyàn ti ń fi íńtánẹ́ẹ̀tì tí mo fi ẹ̀rọ kékeré mi tàn sínú gbọ̀ngàn náà wo ohun tó wù wọ́n.

Ọnọrébù gbé ẹ̀rọ mi tó ń fọ́n íńtánẹ́ẹ̀tì sínú àpótí, ó dé e, ó tì í pa, ó sì ju kọ́kọ́rọ́ sápò.

"Ah! Ó ti lọ o!" akẹ́kọ̀ọ́ kan pariwo lẹ́yìn.

"Tèmi náà ti lọ!"

Ọnọrébù bẹ̀rẹ̀ sí í jó. "Ẹ ò rí i? Ó ti há! Ìbàjẹ́ ti há!"

Èmi mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Irin ti bo ẹ̀rọ náà mọ́lẹ̀, kò sì sí ohun tó lè gba ihò kékeré bẹ́ẹ̀ jáde. Ìyá mi, tí kò tíì bọ́ aṣọ iṣẹ́, nawọ́ sókè.

"Ọnọrébù, ẹ jọ̀ọ́, orin kọ́áyà wa ni mò ń wò. Ṣé ìbàjẹ́ nìyẹn náà ni?"

"Ẹ ní sùúrù, Màmá. Ó ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́wọ́ ni. Èyí tó dára á jáde."

Ni gbogbo gbọ̀ngàn bá ń wo àpótí bí ẹni ń dúró de ìkòkò ẹ̀wà. Nǹkan kan ò jáde.

"Ẹnjiníà," Ọnọrébù ní, "dìde, kó o sọ fún wọn pé ó ṣiṣẹ́."

Mo dìde. Mo rí tábìlì mi, mo rí ojú ìyá mi tó ń tàn bí àtùpà, mo sì fẹ́ràn tábìlì yẹn gidigidi. Ẹ̀rín tí mo ti fi ikọ́ bò láti ọjọ́ pálọ̀ ló bú jáde lẹ́nu mi, tí mi ò lè dá a dúró.

"Ó ṣiṣẹ́, sà," ni mo sọ pẹ̀lú omijé ẹ̀rín. "Àmọ́ irin ò mọ orin kọ́áyà yàtọ̀ sí ìwòkuwò. Gbogbo ẹ̀ ló dá dúró."

Ọkùnrin kan tó ti ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ irin rí nahùn láti ẹ̀yìn: "Bí ẹ ṣe ń ṣe wá ní géètì náà nìyẹn! Ẹ ò jẹ́ ká relé!"

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ọnọrébù tẹ̀ sí mi létí, ó ní: "O ti fi ẹnu ara ẹ lé iṣẹ́ lọ." Ó dùn mí o, ó dùn mí wọra, síbẹ̀ mi ò lè yé rẹ́rìn-ín.

Ìgbà yẹn ni ààfáà dìde, tó ń wo àpótí náà tìyanu-tìyanu. "Ẹnjiníà, tí fóònù bá wà nínú ẹ̀, ṣé kò ní dún?"

Ọnọrébù ṣí i tìkanratìkanra. Mo gbé ẹ̀rọ mi jáde, ààfáà fi fóònù rẹ̀ sí i, a tì í pa, ìyá mi sì pè é. Kò wọlé. Ó tún un pè. Kò wọlé.

"Alihamudulilahi!" ààfáà ké. "Gbogbo Jímọ̀ ni fóònù ẹnì kan máa ń kọrin tí a bá ti foríkanlẹ̀. Wẹ́dà, ṣe ọ̀kan fún mọ́ṣáláṣí wa."

"Méjì ni tiwa," pásítọ̀ sọ kíákíá. "Kó tóbi."

"Ẹ ò rí i?" Ọnọrébù ní, ó tún ti ń jó. "Èmi ni mo dá a sílẹ̀!"

Ẹnikẹ́ni ò tún dárúkọ òfin yẹn mọ́. Ṣùgbọ́n wẹ́dà nílò ẹni tó máa dán àpótí kọ̀ọ̀kan wò, torí tí ìdérí kò bá bá ara mu, fóònù á máa dún nínú ẹ̀. Bí mo ṣe ríṣẹ́ nìyẹn. Wẹ́dà fi àlòkù irin ṣe tábìlì fún mi. Ọ̀sán máa ń mú kó gbóná bí agbada, àmọ́ tèmi ni.

Fóònù ara mi ni mo fi ń dán wọn wò. Màá fi sínú àpótí, màá tì í, màá fi ti wẹ́dà pè é, tí kò bá wọlé, màá fò sókè. Lẹ́yìn náà ni àyà mi á já: bó bá jẹ́ ìṣẹ́jú yẹn gan-an ni iléeṣẹ́ tí mo kọ̀wé wáṣẹ́ sí ń pè mí ńkọ́? Màá sáré ṣí i, màá wò ó. Kò sẹ́ni tó pè. Màá tún tì í, màá sì tún pe ara mi.