Ọkùnrin Tó Dúró Létí Ṣéènì

Mi ò mọ bí ẹ ṣe máa gba ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n mi ò ní fi nǹkan kan kún un. Ojú mi ló rí i. Àwọn tó mọ̀ mí mọ̀ pé èmi kì í ṣe ẹni tó máa ń rí nǹkan kiri. Mi ò mutí lọ́jọ́ náà, mi ò sì tòògbé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti rẹ̀ mí débi tí mi ò rántí mọ́ bóyá mo jẹun.

Nígbà yẹn, kò tíì pẹ́ tí a gba òmìnira, wọ́n ṣì ń kọ́ àwọn ilé tuntun ní Bódìjà. Ilé iṣẹ́ kan ní Ring Road ni mo ń bá wa mọ́tò. Iṣẹ́ wa ni ká máa fa mọ́tò tó bá rì sínú ẹrẹ̀ jáde. Jíìpù ni mò ń wà, irú èyí tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ máa ń fà. Lámídì la jọ ń ṣiṣẹ́, ọmọ Ṣakí, ọ̀dọ́kùnrin alágbára tó máa ń kánjú.

Ẹ gbà mí gbọ́, tí òjò bá ti wọlé, iṣẹ́ yẹn kì í ṣe iṣẹ́ ènìyàn. A ti yọ lọ́rì kan ní Challenge láàárọ̀. A tún yọ takisí kan nítòsí odò Ẹlẹ́yẹlé. Ẹ̀yìn ń ro mí, omi ti wọnú bàtà mi, ilé nìkan ni mò ń rò.

Ibẹ̀ la wà tí ọkùnrin kan fi gun kẹ̀kẹ́ dé. Ó ní mọ́tò ìyá nọ́ọ̀sì kan ti rì sọ́nà oko tó ti ẹ̀yìn Bódìjà lọ sí Baṣọ̀run, àti pé obìnrin kan ń rọbí níbi tí ìyá náà ń lọ, ọmọ náà kò fẹ́ wá.

Lámídì wò mí. Èmi náà wò ó. A lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ni, ilẹ̀ kò tíì ṣú, ṣùgbọ́n òjò ti sọ ojú ọ̀run di eérú. A bá jíìpù ìyá nọ́ọ̀sì nínú àfọ̀, ẹrẹ̀ ti bo iwájú rẹ̀ dé bọ́ńpà. Ìyá náà jókòó sínú rẹ̀, ó gbé àpótí iṣẹ́ rẹ̀ lé orí itan. Ó ti rẹ òun náà tẹnutẹnu.

“Ẹ kú iṣẹ́ o,” ló wí. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣe é kíá. Ọjọ́ kejì tó ti ń rọbí nìyẹn.”

Ọkùnrin kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ iwájú mọ́tò náà. Ó wọ káákì, ó tó ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ orí. Mo rò pé dírẹ́bà màmá ni. Mo kí i. Iwájú mọ́tò náà ló ń wò.

A gba inú koríko yí lọ síwájú, níbi tí ilẹ̀ ti le, mo dojú ẹ̀yìn mọ́tò wa kọ wọ́n. Lámídì wọ ṣéènì lọ, ó sì kọ́ ọ mọ́ bọ́ńpà, torí òun ló yọrí jáde. Ibi tó yẹ ká kọ́ ọ mọ́ wà lábẹ́ ẹrẹ̀.

“Kì í ṣe ibẹ̀.”

Jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ló sọ ọ́, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ. Ọkùnrin oníkáákì yẹn ni.

Mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Nọ́ọ̀tù péńpé ló máa ń di bọ́ńpà mú. Tí ó bá já nígbà tí ṣéènì ti le, irin yẹn á fò bí òkúta tó ti inú kànnàkànnà jáde, ẹni tó bá bá lọ́nà kò ní sọ tẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí. Mo ronú ẹrẹ̀ tí a máa gbẹ́, mo ronú obìnrin tó ń rọbí, mo wọ mọ́tò mi. Mo ní ká ṣáà gbìyànjú ẹ̀ẹ̀kan.

Mo fi í sí jíà kékeré. Ṣéènì gbéra nílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í le. Mo wo dígí.

Ọkùnrin náà ti kúrò níbi tó wà. Ó ti lọ dúró sáàárín mọ́tò méjèèjì, létí ṣéènì gan-an.

Mo tẹ búréèkì. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo lọ bá a.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò níbẹ̀. Ó léwu.”

Kò wò mí. Bọ́ńpà ló ń wò.

“Ibí náà ni mo dúró sí nígbà tó já,” ló wí.

Mo fẹ́ bi í pé ìgbà wo, ṣùgbọ́n kò dúró gbọ́. Ó na ìka sábẹ́ mọ́tò.

“Ṣásí,” ló wí. “Ẹ gbẹ́ ẹ.”

Mo mú ṣọ́bìrì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹrẹ̀. Lámídì ń kùn pé ṣé a máa sùn síbẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó bá mi gbẹ́ ẹ. Nígbà tó yá, ọwọ́ wa kan ṣásí, irin gígùn méjì tó gbé gbogbo mọ́tò náà. Irin tó nípọn, tó lójú tí a lè kọ́ ṣéènì mọ́, wà ní orí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Mo fi omi ṣàn wọ́n, mo fi hámà lù wọ́n, wọ́n dún dáadáa.

Lámídì lọ tú ṣéènì kúrò lára bọ́ńpà. Apá kan bọ́ńpà bá a wá sílẹ̀. Nọ́ọ̀tù ibẹ̀ ti dípẹtà tán, ó rún mọ́ ọn lọ́wọ́ bí àkàrà gbígbẹ. Lámídì wò ó títí.

A kọ́ ṣéènì mọ́ ojú irin méjèèjì kí wọ́n lè jọ pín ẹrù náà. A fi àpò ìdọ̀họ tútù lé e lórí, kí ó má baà fò tó bá já. Mo ní kí gbogbo ènìyàn jìnnà. Nígbà tí mo tún wo dígí, kò sẹ́ni kankan létí ṣéènì mọ́. Mo fà á. Ẹrẹ̀ mí kanlẹ̀, ó fi mọ́tò náà sílẹ̀.

Mo lọ sọ́dọ̀ ìyá nọ́ọ̀sì. Mo ní, “Mà, ẹ bá wa dúpẹ́ lọ́wọ́ dírẹ́bà yín. Òun ló yọ wá.”

“Dírẹ́bà wo?” ló bi mí. “Èmi ni mò ń wa mọ́tò mi. Èmi nìkan ni mo wà níbí kí ẹ tó dé.”

Mo yíjú sí Lámídì. Ó sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan? Mo rò pé àárẹ̀ ló ń ṣe yín.”

Ìyá náà wo ojú mi, ó rí i pé n kò ṣàwàdà. Ó ní àlòkù ni wọ́n ra mọ́tò náà, òun kò mọ ẹni tó wà á rí. Kò dúró bèèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣẹ́ ń dúró dè é níwájú. Lọ́jọ́ kejì, ó ránṣẹ́ sí wa pé obìnrin náà ti bí, àti ìyá àti ọmọ wà láàyè. Inú mi dùn. Ṣùgbọ́n mi ò rí oorun sùn.

Ẹ ó ní àárẹ̀ ni. Èmi náà fẹ́ kó jẹ́ àárẹ̀. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ara mi títí ẹ̀ẹ̀rùn fi dé.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn yẹn, a lọ fa lọ́rì kan tó kó sí kòtò ní Ìwó Road, lọ́sàn-án gangan. Mọ́tò mìíràn ni, ẹlòmíràn ló sì ni ín. Èmi fúnra mi ni mo yẹ ibi tí a kọ́ ṣéènì mọ́ wò, irin tuntun ni, kò ní àbùkù kankan. Mo ti wọ mọ́tò nígbà tí Lámídì ju ọwọ́ sókè. Ojú rẹ̀ ti yí padà.

“Ẹ̀gbọ́n,” ló wí, “ẹ sọ fún bàbá oníkáákì yẹn kó kúrò létí ṣéènì.”

Mo wo ibẹ̀. Mo wò ó dáadáa. Èmi ò rí ẹnì kankan.

A tú ṣéènì. A fi lọ́rì náà sílẹ̀ fún àwọn mìíràn, a sì gba ìbínú ọ̀gá wa. Títí dòní, mi ò mọ ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀, mi ò sì wá ìdí rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wa mọ́tò lọ́nà ẹrẹ̀, ẹ má kọ́ ṣéènì mọ́ bọ́ńpà nítorí pé ó rẹ̀ yín. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀, kí ẹ wá ṣásí. Tí ẹ bá sì rí ẹnì kan tó dúró létí ṣéènì, tí ẹ ní kó kúrò, tí kò kúrò, ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ má bi í ní nǹkan kan.