Korobá tí Rúkáyà Gbé Sáàárín

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tí àgùntàn mi dùbúlẹ̀ níwájú korobá ni n kò lè gbàgbé láéláé.

Ìwé díẹ̀ ni mo kà, ṣùgbọ́n ní gbogbo ìlú wa, Agblangandan, ta ló mọ ẹran bí èmi?

Rúkáyà, ọmọ àbúrò mi tó ń kọ́ ìtọ́jú ẹran, ti fi han àgùntàn náà pé èèpo ẹ̀gẹ́ máa ń wà nínú korobá apá ọ̀tún, pé òfìfo ni ti òsì. Bí ó bá gbé korobá sáàárín, ẹran á sáré lọ wò ó, bóyá èèpo wà nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo ta ọmọ àgùntàn náà fún àwọn tó fẹ́ sọmọ lórúkọ ní Akpakpa. Lọ́jọ́ kejì, Rúkáyà gbé korobá sáàárín. Àgùntàn wò ó, ó dùbúlẹ̀.

"Bàbá, inú rẹ̀ bàjẹ́. Kò retí ohun rere mọ́."

"Ọmọdé àná! Ó yó ni."

Ó gbé korobá sọ́tùn-ún. Àgùntàn dìde, ó jẹ èèpo inú rẹ̀ tán. Àṣé kò yó.

Mo gun ọ̀kadà zémìjàn lọ sí Akpakpa láti ra ọmọ rẹ̀ padà. Baba ọmọ tuntun dì mọ́ mi: "Alájí, ẹ jókòó! Ẹran yín mà dùn o!" Wọ́n gbé àwo síwájú mi. A kì í kọ oúnjẹ ìsọmọlórúkọ. Mo jẹ ẹ́.

Nígbà tí mo délé, àgùntàn wá gbóòórùn ọwọ́ mi, ó sì ké. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá ní òun mọ ẹran jù mí lọ, n kì í bá a jiyàn mọ́.