Ìyá Alápò àti Ìwé Ẹnu Ọ̀nà

Iṣẹ́ méjì ni obìnrin tí wọ́n ń pè ní Ìyá Alápò ń ṣe. Láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, aránṣọ ni, nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kọjú sí títì. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọgbà kan létí òkun, níbi tí àwọn olórin, oníjó àti ayàwòrán ti ń ṣeré fún ará ìlú. Ẹnì kankan kì í mú fóònù wọ ọgbà náà. Àpò kéékèèké tí òun fúnra rẹ̀ rán ló ń kó fóònù wọn sí, pẹ̀lú nọ́ńbà tó fi òwú funfun kọ sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnì kan bá ń jiyàn, á ní, "Bọ̀ọ̀dá, òkun ò ní sá lọ. Ẹ fojú yín wò ó. Ojú ti wà kí fóònù tó dé."

Nítorí pé kò sí fóònù, kò sí àwòrán, kò sì sí ohùn tí ẹnikẹ́ni gbà sílẹ̀. Olùkọ́, ìyẹn bàbá àgbàlagbà tó fi orin kọ́ni títí tó fi fẹ̀yìn tì, tó sì dá eré náà sílẹ̀, ló wá ronú kan ìwé ẹnu ọ̀nà. Bí olúkúlùkù bá ń gba fóònù rẹ̀ padà, Ìyá Alápò á bi í pé, "Kí lẹ ń gbé lọ sílé?" Ohun tó bá wù ú jù lọ, á sọ ọ́, Ìyá Alápò á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé náà ni Olùkọ́ fi ń mọ àwọn tí yóò pè padà lọ́dún tó bá tẹ̀ lé e. Kò sí ìwé tó mọ́ tó o. Rúlà ló fi fa gbogbo ìlà inú rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ sì tò gẹ́gẹ́ bí ojú ìránṣọ.

Wàhálà dé lọ́dún tí àbúrò rẹ̀ obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin níbẹ̀.

Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ ní ohùn. Nídìí abọ́ tí wọ́n ń fọ̀ ló ti kọ́ àbúrò lórin, ẹsẹ kan fún abọ́ kan. Nígbà tí ìyá wọn dùbúlẹ̀ àìsàn, ẹ̀gbọ́n fi orin sílẹ̀, ó jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ, kí àbúrò lè parí ilé ẹ̀kọ́. Ohùn rẹ̀ ò kú, kò kàn ráyè ni. Ní báyìí, òun ló jókòó sẹ́yìn ọgbà onípákó tí kò jẹ́ kó rí ju òrùlé pèpéle lọ. Atẹ́gùn á gbé ìlàjì orin wá bá a, á sì gbé ìlàjì tó kù lọ sórí omi.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, jórinjórin kan tó wá gba fóònù sọ pé, "Ẹ kọ ọ́ o. Ọmọbìnrin tó kọrin kẹ́yìn yẹn, ó kọ ọ́ títí mo fi rántí pé ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí mi ò ti kí màmá mi."

Bíírò dúró lọ́wọ́ Ìyá Alápò. Nígbà tó yá, ó kọ ọ́ pé: *Jórinjórin. Ó ní atẹ́gùn dára.*

Nọ́ọ̀sì kan tẹ̀ lé e. "Mo ti wà lórí ìdúró láti àárọ̀. Ṣe ló dà bí ìgbà tí ohùn ọmọ yẹn da omi tútù sí mi lẹ́sẹ̀."

*Nọ́ọ̀sì. Ó ní àwọn àga mọ́ tónítóní.*

Báyìí ló ṣe ń ṣe é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn àgbà ní òjòwú ò lẹ́ran láyà. Ìyá Alápò sanra dáadáa, ìyẹn ló sì fi ń tu ara rẹ̀ nínú.

Ní gbogbo ìgbà, àbúrò ló máa ń jáde kẹ́yìn, tí òógùn ò tíì gbẹ lójú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni wọ́n sọ lónìí?"

"Wọ́n ní àga mọ́."

"Tèmi ńkọ́?"

"Ṣé èmi ni mò ń fọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́nu ni?"

Àbúrò á bá a ká àwọn àpò.

Nígbà tí ọdún eré parí, Olùkọ́ pe àwọn méjèèjì sí pálọ̀ rẹ̀. Ó wọ awò ojú, ó sì ń ṣí ìwé náà ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan. "Áà, mi ò mọ̀ pé àga wa níyì tó báyìí o! Kò sóhun tí wọ́n yìn tó o." Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ yí padà. "Ìwọ ọmọ mi, mi ò rí ẹnì kan ṣoṣo tó dárúkọ orin rẹ. Èmi fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ etí mi ti darúgbó, ìwé ni mo gbẹ́kẹ̀ lé. Àfi ká fi àyè rẹ fún ẹlòmíì."

Àbúrò ò jiyàn. "Ẹ ṣeun, sà. Ẹ̀gbọ́n mi ló ní ohùn nílé wa, èmi kàn ń sín wọn jẹ ni." Ó yíjú sí i. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ n máa bọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ kọ́ mi níṣẹ́ yín."

Ó yẹ kí inú Ìyá Alápò dùn. Àmọ́ ó rí àbúrò rẹ̀ lójú ọkàn, tó tẹ̀ ba lórí ẹ̀rọ bí òun náà ṣe tẹ̀ ba láti ogún ọdún, tí orin há sí i lọ́fun.

"Nọ́ńbà mẹ́tàlélógún, jórinjórin," ló wí. "Ó ní orin náà rán òun létí màmá òun. Nọ́ńbà méje, nọ́ọ̀sì. Ó ní ó dà bí omi tútù lẹ́sẹ̀ òun. Nọ́ńbà ogójì, bàbá apẹja. Ó ní òun ti gbọ́ oríṣiríṣi ohùn lójú omi, èyí nìkan ló ṣe òun bíi kí òun tètè darí sílé."

Kò dúró. Ènìyàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló kà bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà lé nọ́ńbà.

Olùkọ́ yọ awò ojú. "Ìyá Alápò, ibo lẹ kọ ìwọ̀nyí sí?"

"Mi ò kọ wọ́n, sà. Wọn ò jẹ́ n gbàgbé ni."

"Ṣé ẹ̀ ń jowú àbúrò yín ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Bàbá náà fà bíírò yọ, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ àbúrò mọ́ ti àwọn tí yóò padà wá. Ó ti ìwé náà bọ inú dúrọ́ọ̀ rẹ̀. "Àpò ṣì wà lọ́wọ́ yín, torí fóònù kan ò sọ nù rí. Ẹlòmíì ni yóò máa kọ ìwé."

Bí wọ́n ṣe ń lọ sílé lọ́nà etíkun, àbúrò ló ṣáájú, kò wẹ̀yìn.

"Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mò ń bi yín," ló sọ níkẹyìn.

"Mo mọ̀."

"Ẹ sì ń wò mí lójú."

"Mò ń wò ọ́."

Wọ́n rìn díẹ̀ sí i. Àbúrò dẹ ẹsẹ̀ dúró. "Bàbá apẹja yẹn, kí ló sọ gan-an?"

Ìyá Alápò sọ ọ́.

"Ẹ tún un sọ."

Ó tún un sọ. Owú náà ṣì há a lọ́fun bí egungun ẹja, ọ̀rọ̀ náà sì ní láti gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Nígbà tí wọ́n fi dé ẹnu géètì, ó ti ka ti ènìyàn mọ́kàndínlógún, ó ku méjìlá. Àbúrò fẹ̀yìn ti géètì náà, ó ní kò sẹ́ni tó máa wọlé àfi tó bá kà wọ́n tán.