Fọ́ọ̀mù Ìlera Tí Mo Bá Ìyá Àgbà Kọ

"Má tíì kọ ọ́," ni ìyá ìyá mi wí, ó sì gbá bírò mọ́ mi lọ́wọ́.

Abẹ́ òrùlé páànù tí àwọn obìnrin ti ń yan gààrí ní Ìmọ́tà la wà. Agbada mẹ́fà ló wà lórí iná, èéfín ń ta wá lójú, òórùn ẹ̀gẹ́ kíkan gba gbogbo ibẹ̀ kan. Fọ́ọ̀mù wà lórí itan mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó so táì mọ́rùn bẹ̀rẹ̀ tì mí, òógùn ti mú kí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Òun ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé kí n kọ méjìdínlọ́gọ́ta síbi tí wọ́n ti béèrè ọjọ́ orí ìyá àgbà.

"Mélòó ló ní kí o kọ?" ni ìyá àgbà bi mí.

Mo sọ ọ́ fún un. Ẹ̀rín pa á.

"Àkọ́bí mi ti pé àádọ́ta. Ṣé ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mo wà tí mo bí i?"

Gbogbo àwọn obìnrin tó wà nídìí agbada bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà pẹ̀lú rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú tì í díẹ̀.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà. Iléeṣẹ́ kan ní Ìkòròdú ni bàbá àti ìyá mi ti ń ṣiṣẹ́, bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ ti máa ń gbé wọn kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ìdí nìyẹn tí mo fi ń gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Ìró ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń bó ẹ̀gẹ́ ló máa ń jí mi láràárọ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í hú bí ẹni tí ikọ́ ń ṣe. Nígbà tí mo bá fi máa ti ilé ìwé dé, ìyá àgbà á ti jókòó ti agbada, á máa fi àfọ́ igbá da gààrí síwá sẹ́yìn, ṣìì, ṣìì, ṣìì. Nígbà mìíràn ìró yẹn á dáwọ́ dúró lójijì. Tí mo bá wẹ̀yìn, màá rí i tó fọwọ́ lé ìpàkọ́, tó di ojú. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń bá a jà. Ó máa ń dá oògùn rẹ̀ sí méjì, á lo ìdajì lónìí, ìdajì lọ́la, kó lè pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rò pé mi ò mọ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin onítáì náà wá bá ẹgbẹ́ onígààrí nípa adójútòfò ìlera, èyí tí gbogbo wọn ń pè ní inṣọ́ránsì. Ó ní oríṣi méjì ló wà. Ti àkọ́kọ́ kò wọ́n: ibà, ọgbẹ́ wẹ́wẹ́, ilé ìwòsàn kékeré tó wà nítòsí, ṣùgbọ́n wọn ò ní dá ẹnikẹ́ni dúró sí wọ́ọ̀dù. Èkejì wọ́n jù ú lọ, àmọ́ ó kan ilé ìwòsàn ńlá, iṣẹ́ abẹ, àti oògùn àwọn àìsàn tí kì í tán bọ̀rọ̀. Ó ní iye ènìyàn tó bá wà nínú ilé á jẹ́ kí owó rẹ̀ lé sí i, bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ orí, bẹ́ẹ̀ ni àìsàn tó bá ti wà lára ẹni tẹ́lẹ̀.

Ìyá àgbà kò wo ojú rẹ̀. Gààrí rẹ̀ ló ń dà.

"Bí ara mi bá le títí ọdún fi parí, ṣé ẹ óò dá owó mi padà?"

"Rárá, ìyá. Òun la ó fi tọ́jú ẹni tó bá ṣàìsàn."

"Ìyẹn dáa. Mi ò kúkú gbàdúrà kí n jèrè rẹ̀. Àbúrò mi wà ní Ẹ̀pẹ́. Bí àìsàn bá ká mi mọ́ ọ̀hún ńkọ́?"

Ó ṣí ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó ní oríṣi kejì ní ilé ìwòsàn ní Ẹ̀pẹ́. Ìyá àgbà gba ìwé náà, ó nà án sí mi. "Kà á fún mi." Mo kà á. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Ó mú oríṣi kejì, fún ara rẹ̀ nìkan. Nígbà tí mo béèrè pé èmi ńkọ́, ó ní, "Iléeṣẹ́ bàbá ẹ ti kọ orúkọ ẹ sí tiwọn. Ṣé kí á san án lẹ́ẹ̀mejì ni?"

Ibi tí mo kọ ọjọ́ orí rẹ̀ tòótọ́ sí, mẹ́tàdínláàádọ́rin, kò tíì gbẹ tí a fi dé ibi àìsàn. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà mí kanlẹ̀.

"Ìyá, bí ẹ bá kọ ẹ̀jẹ̀ ríru síbẹ̀, owó yín á tún lọ sókè. Wọn ò sì ní fún yín ní oògùn rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́."

Ọ̀rẹ́ ìyá àgbà kan tó wà nídìí agbada kejì pariwo pé, "Ní kó kọ 'kò sí'! Ta ló fẹ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ wò?"

"Dókítà," ni ìyá àgbà dáhùn. "Ọjọ́ tí mo bá wà lórí ibùsùn ni wọ́n máa rí i pé mo purọ́. Ẹnu wo ni màá wá fi ṣàlàyé?" Ó yíjú sí mi. "Kọ ọ́. Bó ṣe rí gan-an ni kí o kọ ọ́."

Mo kọ ọ́. Ó dà bí ẹni pé mò ń fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn.

Fún oṣù mẹ́fà, ó ń san owó inṣọ́ránsì, ó sì tún ń fi owó ara rẹ̀ ra oògùn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ní oṣù keje, ó gbé ike oògùn bọ̀ láti ilé ìwòsàn, láti ọjọ́ yẹn ni mi ò sì ti rí i kó tún dá oògùn sí méjì mọ́.

Ọdún yẹn kò tíì parí tí a fi lọ kí àbúrò rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí ìyá àgbà ṣe ń bá a yí ẹja lórí iná, ahọ́n ìyá àgbà dédé wúwo. Ó fẹ́ pe orúkọ mi, kò jáde. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ rọ wọ̀ọ̀. Mọ́tò aládùúgbò kan ló gbé wa dé ilé ìwòsàn. Ẹkún ni mò ń sun nígbà tí nọ́ọ̀sì béèrè káàdì inṣọ́ránsì. Mo yọ ọ́ nínú àpò ìdí ìyá àgbà.

"Ṣé àwọn inṣọ́ránsì mọ̀ pé ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru?"

"Wọ́n mọ̀, mà. Èmi ni mo kọ ọ́."

Nọ́ọ̀sì pè wọ́n lórí fóònù, ó sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó sì ní kí wọ́n máa gbé e wọlé. Kí bàbá mi tó dé láti Ìkòròdú, omi ti ń kán wọ iṣan ìyá àgbà.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án la lò níbẹ̀. Ahọ́n rẹ̀ kọ́kọ́ padà, ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn tún dé, ó ti padà sídìí agbada, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ òsì ló fi ń ṣe iṣẹ́ jù. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ rọra wá bá mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ní, "Akọ̀wé, jọ̀ọ́, bá mi tún tèmi kọ, bó ṣe rí gan-an."

Ìyá àgbà ti lọ báyìí, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tó tún lò sí i. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n kò tijú láti béèrè, ohun tó sì kù sí mi lára láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ọmọ mi obìnrin kì í fẹ́ bá mi lọ sí báńkì tàbí ilé ìwòsàn mọ́. Ó ní mo máa ń pẹ́ jù lójú wíńdò, pé àwọn tó tò sẹ́yìn wa máa ń kùn. Òótọ́ ló sọ. Mo máa ń pẹ́. Ìgbà tó bá yé mi ni mò ń kúrò níbẹ̀.