Ọjọ́ Tí Mo Se Òtílí fún Ìyá Ọkọ Mi

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ jẹ òtílí ní Ṣakí kò lè kúrò lọ́kàn mi. Ó ti pé ọjọ́ márùn-ún tí ìyá ọkọ mi ti ń ṣàìsàn, wọn kì í jẹun, wọn kì í sì í fẹ́ sọ̀rọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n ní òtílí, ẹ̀wà kan tí wọ́n ń jẹ níbẹ̀, ló ń wu àwọn jẹ.

Ìbàdàn ni wọ́n ti bí mi, n kò sì rí irú ẹ̀wà bẹ́ẹ̀ rí. Mo rà á lọ́jà, mo gbé e kaná. Títí di ọ̀sán, ó ṣì le koko. Mo sáré lọ bá Ìyá Múrí, aládùúgbò wa.

Wọ́n ní, "Da omi àkọ́kọ́ nù, ìyàwó. Fi omi mìíràn sí i, kí o sì ní sùúrù."

Nígbà tí wọ́n ń pe ìrun alásárì ló tó jinná. Mo fi epo àti iyọ̀ sí i, mo tọ́ ọ wò. Ó kọ́kọ́ korò díẹ̀ lẹ́nu mi, lẹ́yìn náà ni adùn rẹ̀ jáde. Mo gbé e fún Ìyá, wọ́n sì jẹ ẹ́ tán.

"Iyọ̀ rẹ̀ kò tó," ni wọ́n wí, wọ́n sì na àwo náà sí mi pé kí n tún bù sí i.

Mo fi ẹ̀rín gba àwo náà, mo sì lọ bù sí i.