Kásẹ́ẹ̀tì tí Bàbá Síkírá Gbọ́

Ọjọ́ Sátidé tí bàbá Síkírá, ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́, gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì mi kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé.

Lẹ́yìn tí mo jáde ilé ìwé gíga tí n kò ríṣẹ́, mo máa ń gba ohùn ara mi sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìlú Ọ̀fà. Télọ̀ àdúgbò wa a sì máa fi kásẹ́ẹ̀tì náà dá àwọn oníbàárà rẹ̀ lára yá. Nínú èyí tí mo ṣe lọ́sẹ̀ náà, mo ní: "Wọ́n ní ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Mo ti wádìí. N kò tíì rí ẹnìkan tó mọ̀ ọ́n jà."

Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù télọ̀ lọ́sàn-án Sátidé náà, Alhaji, bàbá Síkírá, ti jókòó síbẹ̀.

"Ìwọ lo sọ̀rọ̀ yìí?"

"Èmi ni, sà. Ìwádìí lásán ni."

"Ó dáa. Bọ́ síta, ká jọ wádìí ẹ̀."

Ó bọ́ agbádá fún télọ̀. Bí mo bá dá a, mo pàdánù ìyàwó. Bí mo bá kọ̀, ojo ni mí. N kò tíì rò ó tán tí ẹ̀yìn mi fi kanlẹ̀.

Télọ̀ ní, "Ọ̀gá oníwèé, ṣé ìwádìí ti parí?"

Alhaji fà mí dìde. "O ti rí ẹni tó mọ̀ ọ́n jà báyìí?"

"Mo ti rí ẹnìkan, sà. Ẹyọ kan ṣoṣo."

Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní ẹni tí yanrìn kún ẹ̀yìn rẹ̀, síbẹ̀ tí kò bù mọ́ ọ̀rọ̀, kò ní parọ́ fún ọmọ òun, kí àwọn ẹbí mi máa bọ̀ lọ́la.

Lọ́jọ́ kejì, mo dọ̀bálẹ̀ fún un, mo sì pẹ́ nílẹ̀. Àwọn ẹbí Síkírá yin ìtẹríba mi. Ẹ̀yìn ni kò jẹ́ kí n lè dìde.